Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Virginia: ẹ jẹ́ ká kó àwọn ọmọ wa lọ wo ọkọ̀ batteau

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin alága, akọ̀wé, akápò, ìyálóde ẹgbẹ́ àti gbogbo ìgbìmọ̀, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà, ẹ kú bí ẹ ṣe ń gbé àṣà wa ró nílẹ̀ ibi tí a wà yìí. Ẹ ní ẹni tó bá ní àbá nípa ètò oṣù Júùnù kó sọ ọ́, tèmi sì gùn ju ohun tí èèyàn lè tẹ̀ sórí WhatsApp lọ, torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ ní gbangba báyìí kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè kà á, kí ẹni tí ò bá fara mọ́ ọn náà lè dá mi lóhùn.

Àbá kan ṣoṣo ni. Lọ́dọọdún la máa ń gba páàkì, a máa dáná, a máa lùlù, a máa wọ aṣọ ẹbí, àwọn ọmọ máa gbá bọ́ọ̀lù, a sì máa padà sílé, ó dáa, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú rárá. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ẹ̀ lọ sétí odò James lọ́jọ́ tí àwọn ọkọ̀ batteau, ọkọ̀ ayé àtijọ́ tí àwọn èèyàn tún ń kàn, tí wọ́n sì ń wà lórí odò yẹn ní gbogbo oṣù Júùnù, bá ń gúnlẹ̀. Oúnjẹ ò ní dín, ìlù ò ní dín, àmọ́ àwọn ọmọ wa máa fojú ara wọn rí nǹkan tí àwọn èèyàn dúdú fi ọwọ́ àti èjìká wọn ṣe nínú ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé yìí, nǹkan tí mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí gan-an ò gbọ́ rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọkọ̀ náà fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ onípákó ni, gbọọrọ, tẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́ ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọpọ́n ayò, ó ṣe ṣóńṣó níwájú, ó ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn, débi pé tí wọ́n bá fẹ́ gba ibi tí wọ́n gbà wá padà, wọn ò nílò láti yí i po, ẹ̀yìn á kàn di iwájú ni. Odò yẹn fúnra ẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n kàn án bẹ́ẹ̀. Odò James gùn tó bíi 340 máìlì, orí àwọn òkè Allegheny ló ti ṣẹ̀ wá, inú Chesapeake Bay ló ń ya sí. Ọkọ̀ ńlá tó bá ti orí òkun wọlé ò lè kọjá Richmond torí ibẹ̀ ni omi ti ń já lu àpáta wálẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ bá ti dúró lórí àwọn afárá dáúntáùn rí ẹ ti rí àwọn òkúta yẹn. Láti ibẹ̀ lọ sókè títí dé Lynchburg, odò náà fẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò jìn, ibì kan wà tí omi ò ju orúnkún àgbàlagbà lọ, ẹ lọ síwájú díẹ̀ omi á tún máa ru láàárín àpáta. Ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá jìn, há ló máa há, tí kò bá há á fọ́. Èyí tí abẹ́ ẹ̀ tẹ́ ló lè gba orí omi tín-ín-rín kọjá pẹ̀lú ẹrù rẹpẹtẹ nínú.

Ẹrù wo? Tábà. Tábà ni owó Virginia nígbà yẹn. Àwọn tó ní oko lókè odò á ní kí wọ́n ki tábà gbígbẹ sínú àgbá onígi ńlá, wọ́n á kì í títí tí àgbá kan á fi wọ̀n tó ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á wá fi ẹṣin tàbí màlúù máa yí i nílẹ̀ lọ lójú ọ̀nà ẹrẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n á ti gbé e wọ omi. Ní àwọn ọdún 1740, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan tó ń jẹ́ Robert Rose dá ọgbọ́n kan, ó so ọkọ̀ méjì tí wọ́n fi odindi igi gbẹ́ pọ̀ mọ́ra, ó tẹ́ igi dábùú wọn, wọ́n sì lè gbé àgbá bíi mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà. Báyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí oṣù Karùn-ún ọdún 1771 tí òjò fi rọ̀ lórí òkè lọ́jọ́ púpọ̀, odò James kún, ó ya, ó gbé ilé, ó gbé ẹran, ó gbé ilé ìkẹ́rù tábà, èèyàn tó tó 150 ló bá a lọ. Òkúta ìrántí ìkún omi yẹn ṣì wà ní Turkey Island ní Henrico títí dòní. Ó gbé àwọn ọkọ̀ náà lọ pẹ̀lú, igi ńlá tí wọ́n á fi gbẹ́ òmíì kì í sì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń rí he lójoojúmọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Anthony àti Benjamin Rucker, ní agbègbè Amherst, wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó kan ọkọ̀. Pákó ò nílò igi tó tóbi tó yẹn, ọkọ̀ ibẹ̀ sì lè gùn bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Thomas Jefferson tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹrin 1775, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó ẹ̀: ọkọ̀ Rucker gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 50, ìsàlẹ̀ ẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, òkè ẹ̀ fẹ̀ ní 6, ó gbé àgbá 11, ibi tó wọnú omi ò ju ínǹṣì 13½ lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún ìyẹn kà. Ẹrù tó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá pọ́n-ùn, lórí omi tí ò dé orúnkún. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹnjiníà nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọpọlọ lèyí.

Jefferson wọn ọkọ̀, ó ka àgbá, ó wọn omi, kò sì kọ nǹkan kan síbẹ̀ nípa ẹni tó ń ti ọkọ̀ náà. Àwọn bàbá wa ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù, bí wọ́n ṣe ń ronú nìyẹn láyé ìgbà yẹn, yálà nílé wa tàbí níbí. Èmi ò wá fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa wo ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú ojú tí Jefferson fi wò ó.

Torí èèyàn dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ti ọkọ̀ batteau. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú, àwọn kan jẹ́ olómìnira. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń wà nínú ọkọ̀ kan, olórí ọkọ̀ tó ń darí àti àwọn méjì tó di ọ̀pá mú. Ọ̀pá yẹn gùn, wọ́n fi irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Tí wọ́n bá ń gòkè odò padà lọ, atukọ̀ á dúró nímú ọkọ̀, á ki ọ̀pá bọ omi títí irin á fi kan òkúta nísàlẹ̀, á fi èjìká ti orí ọ̀pá, á wá máa fẹsẹ̀ rìn lórí pákó tó wà létí ọkọ̀ lọ sí apá ìdí, òun ń rìn lọ sẹ́yìn, ọkọ̀ ń lọ síwájú lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Tó bá dé ìdí ọkọ̀, á fa ọ̀pá yọ, á yára padà símú, kí omi má bàa gba gbogbo ohun tó ti rìn lọ́wọ́ ẹ̀, á tún ki í bọlẹ̀. Báyìí báyìí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, láti Richmond títí dé Lynchburg, pẹ̀lú iyọ̀, aṣọ, irin àti àga tábìlì àwọn ọlọ́rọ̀ nínú ọkọ̀. Mo ti di irú ọ̀pá yẹn mú rí létí omi, mo sì fi èjìká tì í, mo mọ ohun tí mò ń sọ, agbára ẹsẹ̀ ni, agbára ẹ̀yìn ni, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì sì ni, torí pákó tí wọ́n ń rìn lórí ẹ̀ kò fẹ̀.

Bíbọ̀ wá sísàlẹ̀ ni èèyàn á rò pé ó rọrùn torí omi ló ń gbé ọkọ̀, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀mí ti wà nínú ewu. Igi gbọọrọ tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, olórí ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ òkúta kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀nà tó lé ní ọgọ́rùn-ún máìlì, èyí tó yọrí síta àti èyí tó fara pamọ́, kó mọ bí omi ṣe ń yí lórí ẹ̀ tí odò bá kún àti bó ṣe ń yí tí odò bá fà. Kò sí máàpù, orí ẹ̀ ni máàpù. Àwọn olówó oko tó ń sùn nílé wọn ń fi tábà odindi ọdún lé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tí òfin wọn sọ pé kì í ṣe èèyàn pípé. Lálẹ́ wọ́n á so ọkọ̀ mọ́ bèbè, wọ́n á ta aṣọ bò ó, wọ́n á fi ìyẹ̀fun àgbàdo dáná, wọ́n á sùn síbẹ̀.

Ohun tó wá ń wú mi lórí jù ni pé ojú omi fún wọn ní nǹkan tí oko ò lè fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń rìn jìnnà, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn, wọ́n mọ èèyàn ní ìlú sí ìlú, ọ̀gá ò sí nítòsí. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Gabriel, alágbẹ̀dẹ tó fẹ́ gba òmìnira fún àwọn èèyàn ẹ̀ ní Richmond ní 1800, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sancho, atukọ̀ tó ń gbé èèyàn kọjá odò, tún bẹ̀rẹ̀ ètò míì tí wọ́n fẹ́ ṣe lásìkò Àjíǹde 1802, lẹ́nu àwọn atukọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì ti ń kọjá láti odò Roanoke dé Appomattox. Àṣírí tú, wọ́n yẹgi fún òun náà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní hàì-skúùlù gbọ́dọ̀ mọ orúkọ yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹkún nìkan ló wà nínú ìtàn náà o. Ní Prince Edward, nítòsí Farmville, ibì kan wà tó ń jẹ́ Israel Hill. Richard Randolph, olóko òyìnbó kan tó ní ẹrú, kú ní 1796, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìpíngún ẹ̀ pé kí wọ́n dá àwọn ẹrú òun sílẹ̀ kí wọ́n sì fún wọn nílẹ̀, ó di 1810 kí nǹkan bí 90 èèyàn tó rí ilẹ̀ náà gbà, bíi éékà 350. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin ibẹ̀ di oníṣẹ́ batteau lórí odò Appomattox, wọ́n ń gbé ẹrù láti Farmville lọ sí Petersburg, àwọn kan nínú wọn sì ní ọkọ̀ tiwọn. Èèyàn dúdú, tó ní ilẹ̀, tó ní ọkọ̀, tó ń gba owó iṣẹ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀, ní Virginia, àádọ́ta ọdún ó lé kí ogun abẹ́lé tó dé. Ẹ sọ fún mi bóyá wọ́n kọ́ àwọn ọmọ yín níyẹn ní skúùlù. Ti 1619 ni wọ́n kọ́ wọn, àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n gbé gúnlẹ̀ sí Point Comfort, ó dáa, àmọ́ láti ibẹ̀ wọ́n fò lọ sí Lincoln, ààrẹ ìgbà ogun abẹ́lé.

Kí n tún sọ ti Frank Padget. Ẹrú lòun, ó sì mọ omi gan-an. Lóṣù Kìíní 1854 odò James kún, ọkọ̀ kánáàlì kan tó ń jẹ́ Clinton (kánáàlì ni ọ̀nà omi tí èèyàn fọwọ́ gbẹ́, ẹṣin ló ń fi okùn fa ọkọ̀ ibẹ̀) wà níbi tí odò kékeré ti ń wọ inú James lókè Balcony Falls, okùn tó ń fà á já, omi gbé e pẹ̀lú èèyàn nínú. Àwọn kan rì, àwọn kan rọ̀ mọ́ àpáta láàárín omi. Padget bọ́ sínú batteau, òun ló ṣáájú àwọn tó bá a lọ, wọ́n sì kó èèyàn yọ. Ọkùnrin kan ṣì kù lórí àpáta, Padget tún padà lọ, ibẹ̀ lomi ti gbé òun náà lọ. Captain Edward Echols tí gbogbo ẹ̀ ṣojú ẹ̀ fi owó ara ẹ̀ gbé òkúta ìrántí kan dúró fún un, ní 1854 o, òkúta tí òyìnbó gbé kalẹ̀ fún ẹrú. Ó wà ní Glasgow, ní Rockbridge, ẹ lè wà á lọ lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ sì padà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kékeré fọwọ́ kàn án.

Bí ọkọ̀ náà ṣe kásẹ̀ nílẹ̀ ò gùn. 1785 ni wọ́n ti dá James River Company sílẹ̀, tí wọ́n fi George Washington ṣe ààrẹ ẹ̀ lórúkọ, wọ́n ń kó òkúta kúrò lọ́nà, wọ́n ń gbẹ́ kánáàlì kọjá ibi tí omi ti ń já, ìyẹn ran batteau lọ́wọ́ lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ nígbà tí kánáàlì gùn dé Lynchburg ní 1840 tí ẹṣin wá ń fa ọkọ̀ ńlá, iṣẹ́ ọ̀pá dín kù, ó ku àwọn ẹ̀ka odò. Ní 1880 wọ́n ta kánáàlì náà fún àwọn onírélùwéè, wọ́n to irin sórí ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà. Ọkọ̀ batteau di ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí mọ́, títí wọ́n fi ń wa ilẹ̀ láti kọ́ ilé ńlá sí dáúntáùn Richmond láàárín 1983 sí 1985, ibi tí àwọn ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ láyé àtijọ́ ni wọ́n wà dé, wọ́n bá ẹrẹ̀ pàdé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ sì wà nínú ẹrẹ̀ náà, batteau wà lára wọn. Inú ẹrẹ̀ ni ò jẹ́ kí pákó wọn jẹrà. Wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n yàwòrán wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn tó ń kan ọkọ̀ lónìí mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó gan-an. Láti 1986 wá, gbogbo oṣù Júùnù làwọn èèyàn ń kó batteau tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn sórí odò ní Lynchburg, ọjọ́ mẹ́jọ, 120 máìlì, wọ́n ń sùn sí bèbè, títí wọ́n á fi dé Maidens, ibì kan létí odò náà lókè Richmond.

Mo ti lọ wò ó, ó dùn wò, àwọn tó ń ṣe é nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ látọkàn wá, wọ́n sì ń dá èèyàn lóhùn tó bá bi wọ́n ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo rí lórí ọkọ̀, òyìnbó ló pọ̀ jù, àwọn tó dúró sétí omi náà bẹ́ẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi, àwọn ló gbé e ró, ọpẹ́ ni fún wọn. Àwa ni mò ń bá wí. A ń gbé Henrico, Chesterfield, Lynchburg, à ń wa mọ́tò kọjá lórí odò yìí lójoojúmọ́, a ò sì bọ́ sílẹ̀ rí.

Ẹnì kan máa bi mí pé kí ló kan Yorùbá níbẹ̀. Òótọ́ ni, ó yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: àwọn tí wọ́n kó wá sí Virginia, ọmọ Ìgbò àti àwọn ará agbègbè wọn pọ̀ nínú wọn, àwọn ará Senegambia àti Angola náà pọ̀. Tiwa ò pọ̀. Virginia ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkèèrè ní 1778, nígbà tí Ọ̀yọ́ fọ́ tí ogun wá ń kó àwọn èèyàn wa, Brazil àti Cuba ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Torí náà mi ò ní sọ pé ẹ̀jẹ̀ wa ló ti ọkọ̀ yìí. Àmọ́ ọmọ tí a bí síbí, tí àwọ̀ ẹ̀ dúdú, wọn ò ní bi í pé ṣé Ọ̀yọ́ ni àbí Ìgbò kí wọ́n tó wò ó lójú bí wọ́n ṣe ń wo àwọn tó ti wà níbí ṣáájú. Àwọn tó ti ọ̀pá yẹn ló la ọ̀nà fún un. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin Ìlàjẹ, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà létí ọ̀sà, tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ níbi tí omi ò jìn, ẹ̀yin gan-an lẹ lè dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ fi tilé hàn wọ́n pẹ̀lú, kí àwọn ọmọ rí i pé ọgbọ́n yìí wà níbi méjèèjì.

Torí ohun tí mo sọ yẹn náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ pe àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Ìgbò tó wà nítòsí wa, kí a jọ lọ. Tiwọn ni ìtàn yìí ju tiwa lọ, kò sì bójú mu ká lọ láìsọ fún wọn. Ẹ pe àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn dúdú ìbílẹ̀ ibí náà, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí bàbá bàbá ẹ̀ wà lára àwọn atukọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ.

Ní ti ètò, Maidens ni mo rò pé ó dáa jù torí ibẹ̀ ni wọ́n ń parí ẹ̀ sí ní Sátidé tó kẹ́yìn, kò jìnnà sí Richmond. Ká tètè débẹ̀ láàárọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ wọ omi láìsí jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn léfòó, odò yẹn dákẹ́ lójú ni, agbára wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Káwọn àgbà mú àga wọn dání, ká ta kánópì sókè níbi tí kò ní dí àwọn ọkọ̀ lọ́wọ́, ká kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀ ṣáájú, ká bi wọ́n bóyá àwọn ọmọ lè di ọ̀pá mú kí wọ́n sì rìn lórí pákó ọkọ̀ nígbà tó bá ti gúnlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ti lé ní 18 tí ara wọn le, tí wọ́n bá nífẹ̀ẹ́ sí i, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ bá wọn bèèrè bí wọ́n ṣe lè wọ inú àwọn tó ń ti ọkọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Mo ti ṣe tán láti bá ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ṣiṣẹ́, màá kọ àwọn lẹ́tà náà, màá sì wá mú bọ́ọ̀sì fún àwọn tí ò lè wa mọ́tò. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú mítíǹgì tó ń bọ̀, kí n lè fi àwòrán ọkọ̀ náà àti ti òkúta Frank Padget han àwọn èèyàn kí wọ́n tó dìbò. Tí ẹ bá gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè sọ fún mi kí oṣù yìí tó parí, torí àwọn ará Lynchburg nínú wa ní àwọn fẹ́ lọ wo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní tiwọn, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ máa fún wọn ní ìlù.

Èmi ni ọmọ ẹgbẹ́ yín, láti Chesterfield.